Ẹ Bi Ìyá Oníwèé: Bíìkì, Báírò àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ìyá Àgbà

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ló sì kún inú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wá, ìwé àti ohun èlò ọmọ ilé ìwé ni mo ń tà lẹ́bàá Ọjà Wàǹdó, níbí ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo lórílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ Kétu ni ìyá tó bí mi, ìdílé Àgùdà ni ọkọ mi ti wá. Ẹgbẹ́ tí à ń wí yìí, àwa ará Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìbàdàn àti Èkó, títí dé Bàhíà ní Brazil, la jọ wà níbẹ̀ lórí fóònù. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ti ìtàn. Ọ̀rọ̀ tó bá ya ẹnìkan lẹ́nu lọ́jà tàbí nínú mọ́tò, ìgbàkígbà ló lè gbé e wá. Ìjà sì máa ń bẹ́, kí n má parọ́.

*

*Ìyá Oníwèé, ẹ kú ọjà o. Mo kọ ìtàn kan tí ìyá ìyá mi máa ń sọ, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì èdè abínibí ni mo ṣe kọ ọ́: ɛ, ɔ, kp, sh. Bùrọ̀dá kan ní Èkó dá a padà fún mi lọ́jọ́ kejì. Ó ti yí gbogbo rẹ̀ sí ẹ, ọ, p, ṣ, ó sì ti yọ gbogbo ọ̀rọ̀ Kétu kúrò níbẹ̀, ó ní òun bá mi tún un ṣe ni. Ó dùn ún kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jọ pé ìyá ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé kí n dúpẹ́ ni, àbí kí n bínú? — Ọmọ Alákétu, Kétu*

Ọmọ mi, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì gba ìtàn rẹ padà. Nǹkan méjì ni bùrọ̀dá yẹn ṣe, ó wá pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni. Ó yí lẹ́tà padà, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ti lẹ́tà kò tó ìjà. Ní 1875, àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, ìkọ̀wé tí bùrọ̀dá rẹ mọ̀ sì fìdí múlẹ̀. Ní 1975, ọgọ́rùn-ún ọdún gẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè Benin náà gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè abínibí rẹ̀ jáde, wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 1990. Tiwa kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Fọ̀n, Gùn, Yorùbá àti àwọn yòókù ló jọ ń lo lẹ́tà náà, kí ọmọ tó bá ti mọ ìwé Gùn kà má ṣe kọsẹ̀ nígbà tó bá mú ìwé Yorùbá. Fọ̀n àti Gùn ń pe kp, wọ́n sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí “pẹ̀lú” fi di “kpɛ̀lú” lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí kò rí i rí á rò pé o ṣì í kọ ni. Tí ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn bá fẹ́ ìtàn rẹ, yí lẹ́tà rẹ̀ padà fúnra rẹ, kò sí ohun tó bàjẹ́. Èmi gan-an, ẹ àti ọ ni mo fi ń kọ ojú ewé yìí torí pé òun ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa mọ̀, ṣùgbọ́n ìwé gbèsè tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ɛ àti ɔ ló wà níbẹ̀. Àwọn tó jẹ mí lówó kò tíì sọ pé àwọn ò rí i kà.

Ti ọ̀rọ̀ ni kí o má gbà. Yorùbá inú ìwé tí gbogbo wa ń kà, ẹnu Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ibi tí àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ti wá ló fà á. Òṣogùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Àjàyí Crowther sí, Abẹ́òkúta ló ti ṣiṣẹ́ ìjọ. Ó dé Kétu ní 1853, ṣùgbọ́n kò jókòó síbẹ̀. Ká ní ó jókòó ni, bóyá ìwọ ni ìbá máa tún ìtàn ará Èkó ṣe lónìí.

Wo àwọn ẹlẹ́fẹ̀ wa, àwọn tó ń kọrin lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Kò sí ẹni tó ní kí ẹlẹ́fẹ̀ Kétu kọ́kọ́ lọ kọ́ ohùn Ìbàdàn kó tó lanu lóru Ẹ̀fẹ̀. Àlejò ló ń fi igùnpá gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Kí ló wí? Ta ló ń bá wí?” Bẹ́ẹ̀ ni kí bùrọ̀dá rẹ náà ṣe. Kó bi ọ́.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é rèé. Ibi tí èmi fúnra mi bá ti ń ròyìn, Yorùbá tí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́ ni mo máa ń lò. Ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà bá sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Orin ńkọ́? Orin le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orin àlọ́, ohùn òkè di ohùn ìsàlẹ̀, àwọn tó ń gbè é á sì ṣubú lé ara wọn. Nítorí náà bùrọ̀dá tó bá tún orin ṣe kò tún un ṣe, ó pa á ni. Ọ̀rọ̀ tó bá le, jẹ́ kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e là á yé wa. Má ṣe há ìtumọ̀ mọ́ inú àkámọ́, ó máa ń dá òǹkàwé dúró bíi kọ́sítọ́ọ̀mù ẹnubodè.

Kí o tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kọ ọ́ sókè pé: “Bí ìyá ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ ní Kétu.” Wàá rí i pé àtúnṣe á dín, ìbéèrè á pọ̀.

*

*Ìyá wa, ẹ kú àárọ̀. Olùkọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́. Nínú ìtàn mi, ọmọ kan “fa bíìkì yọ”. Ẹnìkan láti Ìbàdàn ní bíìkì kì í ṣe Yorùbá, pé báírò ni Yorùbá. Ẹlòmíràn ní gègé ni ká máa wí. Títí di ìsinsìnyí wọn ò tíì dákẹ́. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí, ẹ̀yin lẹ kúkú ń tà á. — Olùkọ́, Àjàṣẹ́*

Ha! Ẹjọ́ yìí dùn mọ́ mi nínú.

Ẹni tó gbé báírò dání àti ẹni tó gbé bíìkì dání, orúkọ ènìyàn ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí. László Bíró, ọmọ bíbí ilẹ̀ Họ́ngárì, ló ṣe gègé tó ní bọ́ọ̀lù wínníwínní lẹ́nu, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1938. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ rẹ̀ pe gègé náà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ará Ìbàdàn ti gbọ́ báírò. Marcel Bich ra ẹ̀tọ́ iṣẹ́ Bíró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní Faransé ní 1950. Ó gé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ ara rẹ̀ kúrò, ó fi èyí tó kù sí ara gègé. Àwọn Faransé ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, àwa náà sọ ọ́ di bíìkì. Bíró ló ṣe é, Bich ló tà á, ẹ̀yin ọmọ Oòduà wá dúró láàárín wọn, ẹ ń bi ara yín pé èwo ni ojúlówó Yorùbá.

Gègé dára, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n inú ìwé ni mo ti máa ń rí i. Láti ìgbà tí mo ti ń tajà, kò sí ọmọ tó nawọ́ owó sí mi pé kí n ta gègé fún òun. Àwọn ọmọ ilé kéú ní orúkọ tiwọn, kálàmù, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Ìdájọ́ mi nìyí: ta ni ọmọ inú ìtàn yín? Bó bá jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́, bíìkì ni kó fà yọ. Bó bá fa báírò yọ, màá bi í ìgbà tó ti Ìbàdàn dé. Bó bá sì jẹ́ kálàmù ló fà yọ, mo ti mọ ibi tó ń lọ láàárọ̀ Sátidé láìjẹ́ pé ẹ wí fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti bá yín ṣe iṣẹ́ ìpínrọ̀ kan, ẹ wá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀!

Bẹ́ẹ̀ náà ni alùpùpù tó ń gbé èrò. Ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀kadà tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè é: ilé iṣẹ́ Okada Air ló jẹ́, wọ́n sì fi orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Edo sọ ọ́. Aráyé fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ alùpùpù, ọkọ̀ òfuurufú lọ, orúkọ kù. Tiwa ni zémìjàn, èdè Fọ̀n, gbé mi wéré. Ẹ wá wo kpayo. Gùn ni, ohun tí kì í ṣe ojúlówó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, òun ni a sì ń pe epo bẹntiróòlù tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá bi mí, epo ni epo ń jẹ́, ọ̀nà tó gbà wọlé ni kì í ṣe ojúlówó. Bí ẹnìkan bá fi ìtàn Àjàṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi tí kò sí ìgò kpayo kan níbi kankan nínú rẹ̀, mo máa ń ṣiyèméjì bóyá ó ti dúró ní ìkóríta wa rí.

*

*Mo kọ ọ́ sínú ìtàn pé “Àlájì Àgùdà kan”. Àwọn ará Èkó inú ẹgbẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní báwo ni Mùsùlùmí ṣe jẹ́ Àgùdà? — Ọmọ Ọjà Ńlá, Àjàṣẹ́*

Ẹ má bínú sí wọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìjọ Kátólíìkì ni Àgùdà, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni wọ́n ń pe ilé ìjọsìn wọn. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ àwọn tó ti Brazil dé ni, ibi yòówù tí onítọ̀hún ì báà máa kírun tàbí gbàdúrà sí. Nínú ìdílé ọkọ mi, ẹni tó ń lọ Jímọ̀ wà, ẹni tó ń lọ gba Ara Olúwa wà, bí Buriyán, eré ẹlẹ́bòjú àwọn Àgùdà, bá sì jáde, gbogbo wọn ló ń jó o. Ẹ ya fọ́tò Mọ́ṣáláṣí Ńlá tó wà ní Àjàṣẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn láìkọ ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ojú rẹ̀ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà mu pátápátá. Ẹ bi wọ́n pé irú ilé wo nìyí. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ ní kó wá kírun níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

*

*Ẹnìkan wà nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí orúkọ tí kì í là sí wẹ́wẹ́. Ó ní ajá kan ló ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ níbí, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìlú fi ń jẹ́ Àjàṣẹ́. Mo ń kọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó. Ṣé kí n fi sí i? — Oníbéèrè, Àjàṣẹ́*

Ajá wo? Ẹ pe ajá, kí ẹ wá pe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú yín. Ohùn wọn kò pàdé. Irú ìtumọ̀ báyìí, ká gbé e fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

Èyí tí àgbà máa ń sọ ni pé àwọn Àjà ló ṣẹ́gun, àwọn tó bá ọmọ ọba Te-Agbanlin wá láti Aladà. Àwọn Gùn fúnra wọn ń pè é ní Hogbonu, ẹnu ọ̀nà ilé ńlá. Àwọn Potogí dé, wọ́n ní Porto-Novo, èbúté tuntun. Ẹ wò ó, orúkọ mẹ́ta, kálukú sọ ohun tí ojú tirẹ̀ rí: ẹnìkan rí ogun, ẹnìkan rí ààfin, ẹnìkan rí ibi tí yóò so ọkọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ìtàn wà! Ẹ sì ń wá ajá kiri.

Kó tó di pé gbogbo wọn dé, ìtàn àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta tún wà, àwọn tí wọ́n ní wọ́n bá òkìtì ọ̀gán pàdé, tí abàmì olórí mẹ́sàn-án sì ti inú rẹ̀ jáde. Abórí Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè é, àwọn Gùn ń pè é ní Avessan, ojúbọ rẹ̀ wà nínú ìlú títí di òní. Ẹ lọ sí àdúgbò Accron, ẹ bá àwọn àgbà jókòó, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín. Tí ẹnu wọn kò bá kò, ẹ má ṣe bá wọn ṣe ìlàjà nínú ìwé. Ẹ kọ ti ẹnìkan tán, kí ẹ sọ àdúgbò rẹ̀, kí ẹ wá kọ ti èkejì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń po ìtàn mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan kó lè gún régé. Èmi kì í gbádùn irú rẹ̀. Ìtàn tó gún jù, mo máa ń wá ẹni tí wọ́n dá lẹ́nu dúró.

*

*Ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo bá wá. Mo pàlọ́ Ìjàpá kan fún ẹgbẹ́. Mo ní Ìjàpá ń ta iṣu ní ọjà Glazoué, ó jí owó ẹgbẹ́ èsúsú, ó wọ ọkọ̀ ojú irin sá lọ sí Parakou. Kò pẹ́ sígbà náà, mo rí àlọ́ yìí níbòmíràn, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lókè rẹ̀. Mo bi í, ó ní àlọ́ kì í ní olówó. Ọ̀rọ̀ kejì: mo kọ Cabɛ, wọ́n tún un ṣe sí Ṣábẹ̀ẹ́. — Ọmọ Oníṣábẹ̀ẹ́*

Jẹ́ kí n yára mú ti ìkejì kúrò lọ́nà. Pátákó Faransé ń wí pé Savè, ìwé ń wí pé Ṣábẹ̀ẹ́, ẹnu ẹ̀yin tí ẹ ni ín ń wí pé Cabɛ, bíi “tch” àwọn Faransé, bí àwọn ará Ìdáàṣà náà ṣe ń wí pé Idaca. Nínú àlọ́ rẹ, kí pátákó ibùdókọ̀ ojú irin máa jẹ́ Savè, kí ìyá tó ń wá owó èsúsú rẹ̀ kiri máa pariwo Cabɛ. Ó tán.

Ti olè wá. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń bí ni nínú. “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Ta ló ni ín? Kò sí. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń pàlọ́ ní Yorùbá tí ọmọdé ò ní lè dáhùn pé ẹ̀wà ni. Ìjàpá náà kò ní olówó, ì bá ti san gbèsè rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, n kò gbọ́ pé Ìjàpá ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ìwọ lo gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìwọ lo fún un ní ìsọ̀ iṣu ní Glazoué. Èsúsú yẹn pàápàá, ọwọ́ rẹ hàn níbẹ̀. Bó bá mú Ìjàpá, ó mú ohun ìní gbogbo wa. Bó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì, tìrẹ ló mú.

Ẹlẹ́fẹ̀ kì í ṣe báyìí. Ó lè gbé orin tí bàbá rẹ̀ kọ, ó lè yí i, ó lè fi bú ẹni tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kó tó dé ìdí orin, ó ti júbà: ìbà àwọn ìyá, ìbà ẹni tó kọ́ ọ, ìbà ẹni tó ṣáájú. Ẹni tó ń gbọ́ ti mọ ọwọ́ tí orin náà gbà wá. Ìlà kan ṣoṣo ni kí ọkùnrin yẹn fi sókè àlọ́ náà, ìbà ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kọ̀wé sí i bẹ́ẹ̀, níkọ̀kọ̀, láìbú u. Tó bá kọ̀, gbé tìrẹ síwájú ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí o fi ránṣẹ́, kó o dákẹ́. Ojú ẹgbẹ́ ríran. Má sì pa ohùn tí o gbà sílẹ̀ rẹ́ nínú fóònù rẹ, bó ti wù kí àyè kún tó. Pa fọ́tò ìnáwó rẹ́.

*

*Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Salvador ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí à ń pàlọ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ tòun, oòrùn ṣì wà lókè. Àwọn àgbà ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Kí ni ká ṣe? — Akọ̀wé ẹgbẹ́*

Ẹnu ẹni tó ń pa á ni àlọ́ wà, ilẹ̀ sì ti ṣú bá onítọ̀hún. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n fa kọ́tìnì. Tó bá kan òun láti pa tirẹ̀, kó dúró di alẹ́ ibẹ̀, àwa tí oorun kò bá tíì gbé lọ á gbè é.

*

*Ẹ ní ká máa kó ìtàn wa wá kí ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Eélòó lẹ ń gbà? — Òǹkàwé, Kétu*

Mi ò gba sẹ́fà kan. Ẹ wá lọ́sàn-án, nígbà tí ọjà bá rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ ká kà á sókè kí gbogbo ìsọ̀ gbọ́. Àwọn aláṣọ tó wà níwájú mi máa ń sọ ibi tó bá ti sú wọn láìbojú wo ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ lórí àga mi láìra bíìkì kan, mo máa ń béèrè ohun tó fi kọ ìtàn náà.